Gìtá Tuntun Kì Í Dá Kọrin

Ẹ̀yin ará Mọ́níyà, Lálúpọn àti Ẹgbẹ́dá, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ olórin wa pé kí ni wọ́n rà lọ́dún tó kọjá tó dùn mọ́ wọn jù. Wọ́n á ní gìtá tó ń dán, ańpílífáyà ńlá, pẹ́dàlì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ó dáa o! Àmọ́ ẹni tó ra gángan kò tíì di Àyàn. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè so ẹ̀rọ agbóhùn kékeré mọ́ gìtá onípákó, jùjú sì yí padà. Gìtá Háwáì tí Sunny Adé mú wọ jùjú ńkọ́? Ọwọ́ Dèmọ́lá Adépọ̀jù ló mú un sọ̀rọ̀.

Ìjọ míì á kówó lé ańpílífáyà, ọmọ tó ń ta gìtá kò ní rówó ra okùn tuntun, wọn kò ní fún un lówó ọkọ̀. Bí iná bá lọ, ańpílífáyà di àga. Ọmọ bá sá lọ sígboro Ìbàdàn, ẹ ní aláìmoore ni!

Lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ ra okùn, kẹ́ ẹ sanwó olùkọ́. Ọkọ́ tuntun kì í dá ebè kọ.