Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Rẹ̀?

Kò sí ará Ìkẹjà tàbí Agége tí kò mọ kọ̀ńténà tí tirélà ń gbé bọ̀ láti èbúté Àpápá. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà náà ní tiwọn, nínú èyí tí wọ́n ń di ètò kan pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Kubernetes, tí Google fi ta aráyé lọ́rẹ ní ọdún 2014, ni ó ń pín wọn sórí ẹ̀rọ. Atukọ̀ ni orúkọ náà túmọ̀ sí ní èdè Gíríìkì.

Ní Oṣù Kẹta ọdún 2024, àjọ Wikimedia, tí ó ni Wikipedia, ti Yorùbá pẹ̀lú, pa Grid Engine tí àwọn olùyọ̀ǹda ń gbé irinṣẹ́ wọn lé, Kubernetes sì gba ipò rẹ̀. A kò dá wọn lẹ́bi: ètò àtijọ́ náà kò ní olùtúnṣe mọ́, wọ́n sì ti kéde tipẹ́. Síbẹ̀, irinṣẹ́ tí ẹni tí ó ṣe é kò ráyè gbé kọjá dákẹ́ ni; ẹni tí ó gbára lé e ni ó jìyà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa bi àwọn ọ̀dọ́ Ìkẹjà tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí léèrè: ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́ta tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó, kí ni ó ń fi atukọ̀ ọkọ̀ òkun ṣe nínú ọ̀sà? Ẹni tí ó bá sì pọndandan fún, kí ó kọ́kọ́ yan ènìyàn méjì tí yóò mọ̀ ọ́n tún ṣe, kí ó tó pa ti àtijọ́.