A Kò Gbà Pé Ikú Yá Jẹ̀sín

Àwa ọkùnrin Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, awakọ̀, tíṣà, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, là ń sọ̀rọ̀ yìí. Òwe kan ni àwọn baba fi tọ́ wa: ikú yá jẹ̀sín. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a ti kọ òwe náà sílẹ̀. Ọkùnrin tí ojú ń tì ṣì lè san gbèsè, ó ṣì lè tọrọ àforíjì. Òkú kò lè ṣe é.

Gbèsè la kọ́kọ́ mẹ́nu bà nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀sín ti máa ń wọlé tọ̀ wá. Láti 2015, fún ọdún mélòó kan, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò rí owó oṣù gbà pé. Ìdajì ni ẹlòmíràn ń rí. Bàbá tí kò rí owó ilé-ìwé ọmọ san kì í sọ fún ìyàwó pé ẹ̀rù ń ba òun. Á máa pẹ́ níta, á máa jágbe mọ́ ọmọ, á máa mutí. Ilé á ní ìwà rẹ̀ ti burú, bẹ́ẹ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì ló ń bá a fínra. Òṣómàáló ayé àtijọ́, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, a lóṣòó síwájú onígbèsè títí yóò fi san owó aṣọ. Ayánilówó orí fóònù òde òní a tú àṣírí onígbèsè fún gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n, títí kan àna.

A gbà pé ẹkún kì í ṣe àlèébù lára ọkùnrin. Kó dárúkọ ohun tó ń ṣe é, ìbẹ̀rù ni o, ìlara ni o, kó tó di ẹ̀ṣẹ́ lára ìyàwó. A ò sì ní gba ìrora ní àwáwí fún ẹ̀ṣẹ́ yẹn láé.

Ní ti ìtọ́jú, láti 1954 ni dókítà àìsàn ọpọlọ Thomas Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ sí fi aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, l'Ábẹ́òkúta, wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, tí mọ̀lẹ́bí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Irú ìtọ́jú àárín ènìyàn bẹ́ẹ̀ la fẹ́. A tún fẹ́ kí abala 327 òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan tọ́ sí ẹni tó gbìyànjú láti para rẹ̀, kúrò nínú ìwé òfin.

Ẹni tó bá dara pọ̀ mọ́ wa kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé, "Ṣe bí ọkùnrin." Á jókòó, á gbọ́, ohun tó gbọ́ kò sì ní dé ìdí ayò. Tí ọ̀rẹ́ bá ń sọ̀rọ̀ ikú, kò ní fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Á mú un dé ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Íléṣà, tàbí ilé ìwòsàn UNIOSUN l'Óṣogbo, lọ́jọ́ náà gan-an.