Kí Ló Pa Ọmọ Yín Lẹ́rìn-ín?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú oṣù yìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń gbé tọ̀ wá wá.

Ọmọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo kátúùnù, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yọjú wò ó, kí ló rí? Ajá kan ń bì, ológbò kan ń kó ikun imú jọ, egungun òkú kan ń tàkúrọ̀sọ pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Ìyá béèrè pé, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín nínú ìríra yìí?" Ọmọ kò rí èsì fọ̀, àfi kó tún bú sẹ́rìn-ín.

Àwọn òbí kan á pa tẹlifíṣọ̀n lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn á ní, "Eré ọmọdé lásán ni," wọ́n á sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ní tiwa, a kò rò pé ọ̀kan nínú méjèèjì tó. Ìbéèrè tí ìyá yẹn béèrè dára púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá ìdáhùn sí i.

BÍ Ó ṢE DÉ ORÍ TẸLIFÍṢỌ̀N

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ìkànnì Nickelodeon ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, gbé kátúùnù tuntun mẹ́ta jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo: Doug, Rugrats àti The Ren & Stimpy Show. Méjì àkọ́kọ́ dá lórí ìgbé ayé àwọn ọmọ nínú ilé àti ní àdúgbò. Ẹ̀kẹta yàtọ̀ pátápátá. Ren jẹ́ ajá kékeré gbígbẹ, onínúfùfù. Stimpy jẹ́ ológbò sísanra tí kò lárékérekè nínú, tó sì ń tọ́jú ikun imú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú wúrà. Àwọn ayàwòrán a máa sún àwòrán mọ́ eyín jíjẹrà àti irun imú, kí ọmọ lè rí i dáadáa.

John Kricfalusi, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ló dá eré náà sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ìjà fi dé láàrin òun àti ìkànnì náà. Wọ́n kọ̀ láti gbé apá kan sáfẹ́fẹ́, níbi tí Ren ti fi àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi lu ọkùnrin kan ní àlùbami. Ní ọdún 1992, wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí. Ní 1999, Courage the Cowardly Dog dé sórí Cartoon Network. Ní 2001, Invader Zim àti eré Billy àti Mandy tẹ̀lé e. Àwo sátẹ́láìtì ló gbé irú àwọn ìkànnì bẹ́ẹ̀ wọ yàrá ìgbàlejò wa ní Nàìjíríà. Àwọn ará wa tí wọ́n ń tọ́ ọmọ ní Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ nílò àwo kí wọ́n tó bá a pàdé.

Kí a má parọ́ mọ́ wọn o. Nínú apá kan tí wọ́n fi hàn ní 1993, Stimpy só, ó sì gbà pé ìsó náà ni ọmọ òun. Nígbà tí ìsó yìí sọnù, Stimpy jáde nínú òtútù, ó ń wá a kiri tìbànújẹ́tìbànújẹ́. Ọmọ tó ń wo eré yìí ń fi ìsó rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ló tún ń káàánú ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ nù. Ẹ wo bí ohun méjì ṣe wà nínú ẹ̀rín kan!

KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Kí àwa Yorùbá tó dá Amẹ́ríkà lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a rántí àlọ́ tiwa. Ìjàpá ló jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀ tó ń wá ọmọ, tí ikùn Ìjàpá sì wú bí ìlù. Àjàntálá ńkọ́, ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tó sì ń na àwọn àgbà? Àwọn òyìnbó náà ní tiwọn. Ní 1845, wọ́n tẹ ìwé kan jáde ní Jámánì, èyí tí dókítà Heinrich Hoffmann ti kọ́kọ́ ṣe fún ọmọkùnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 3. Nínú rẹ̀, aránṣọ kan já wọlé, ó sì fi sísọ́ọ̀sì gé àtàǹpàkò ọmọ tó ń fi í mu.

Bíbélì pàápàá kò sá fún irú rẹ̀. Ẹ lọ ka ìtàn Éhúdù àti Égílónì, ọba tó sanra, ní Ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 3. Ọba ti kú sínú yàrá, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ dúró síta títí ojú fi tì wọ́n, wọ́n ṣe bí ó ń yàgbẹ́ ni. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tó bá ka ìtàn yẹn fún àwọn ọmọ ọdún 9 yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí!

ÌDÍ TÍ Ó FI Ń DÙN MỌ́ WỌN

Èkíní, a kì í bí ìríra mọ́ ọmọ. Kíkọ́ ni à ń kọ́ ọ. Ní 1986, Paul Rozin ti Yunifásítì Pennsylvania àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ìdánwò kan. Wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ àti wàràkàṣì tó ń rùn mọ ohun tó jọ ìgbẹ́ ajá, wọ́n gbé e síwájú àwọn ọmọ kéékèèké. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò tíì pé ọdún 2 fi í sẹ́nu láìbìkítà. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni ó ń kọ̀ ọ́. Ọmọ ọdún 6 tàbí 7 ṣẹ̀ṣẹ̀ jìyà kọ́ òfin ìmọ́tótó tán ni: má tọ̀ sílé, má tọwọ́ bọ imú, má só láàrin àlejò. Nígbà tó bá rí ológbò tó ń rú gbogbo òfin yìí, tí kò sì sí ẹni tó dọ̀tí ní tòótọ́, ẹ̀rín gbọ́dọ̀ pa á. Ẹ̀rín ẹni tó ti mọ òfin ni.

Èkejì ni ẹ̀rù. Àwọn àgbà ní ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń rín sí i. Nínú eré Billy àti Mandy, Ikú fúnra rẹ̀, egungun tó di dòjé mú, wá gba ẹ̀mí ẹranko kékeré tí Billy ń sìn. Àwọn ọmọ náà bá a figa gbága, wọ́n borí rẹ̀, ó sì di dandan kó máa bá wọn ṣọ̀rẹ́ títí láé. Ẹ ro ti ọmọ tó ti tẹ̀lé wa lọ síbi ìsìnkú ìyá àgbà, tó rí pósí, tí ẹnikẹ́ni kò sì jókòó tì í ṣàlàyé. Ìbéèrè ikú wà nínú ọmọ yẹn. Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí eré náà fi ń lọ, Ikú di kékeré lójú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, àgbà kórìíra rẹ̀. Èyí nìkan tó láti mú un dùn lẹ́nu ọmọdé.

IBI TÍ EWU WÀ

Ní 1963, Albert Bandura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford kó ọmọ 96 jọ. Àwọn kan wo àgbàlagbà tó ń lu bèbí oníróbà. Àwọn mìíràn wo fíìmù, títí kan èyí tí obìnrin kan ti wọ aṣọ ológbò bíi ti kátúùnù. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú bèbí náà, àwọn tó wo ti ológbò yìí pàápàá lù ú bí wọ́n ti rí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "kátúùnù lásán ni" kò sọ gbogbo òtítọ́.

Ewu mìíràn ni pé kì í ṣe gbogbo kátúùnù ni wọ́n ṣe fún ọmọdé. Ọ̀dọ́ àti àgbà ni wọ́n ṣe Beavis and Butt-Head fún ní 1993, bẹ́ẹ̀ náà ni South Park ní 1997. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1993, ọmọ ọdún 5 kan ní ìpínlẹ̀ Ohio dáná sí ilé, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 2 sì kú. Ìyá wọn ní Beavis and Butt-Head ló kọ́ ọ. Àwọn kan bá a jiyàn, ṣùgbọ́n MTV sún eré náà sí alẹ́ pátápátá. Láti 1997 ni wọ́n ti ń fi àmì ọjọ́ orí sí igun tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Àmì dára, ṣùgbọ́n àmì kì í jókòó ti ọmọ.

Síbẹ̀, ewu tó jinlẹ̀ jù ni èyí: omi àti ọṣẹ lè wẹ ìdọ̀tí nù, ṣùgbọ́n ọkàn tó ti mọ́ra láti máa fi ìyà ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín kì í rọrùn láti wẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní ilé-ìwé lórí ọmọ tó ń kólòlò, tàbí èyí tó tọ̀ sára.

Nítorí náà, kì í ṣe "ṣé ó dọ̀tí?" ni kí a kọ́kọ́ béèrè. Ẹ jẹ́ kí a béèrè pé, "Ta ló dúró ti ẹni tó ń jìyà?" Nínú Courage, ohun ẹlẹ́rù pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ kátúùnù lọ. Ajá náà ń gbọ̀n, ó ń ké, baba ilé sì ń dẹ́rù bà á fún ẹ̀rín. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí ewu bá dé bá Muriel, ìyá arúgbó tó gbà á tọ́, ẹ̀rù kì í jẹ́ kó sá fi í sílẹ̀. Ọmọ tó bá rí èyí ti rí ohun tó dára nínú òkùnkùn.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Àlọ́ tiwa ní ìríra àti ẹ̀rù nínú, ṣùgbọ́n àgbà ló ń pa á. Bí ọmọ bá sún mọ́ ọn nítorí ẹ̀rù, àgbà mọ̀ ọ́n lára. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ohun tó sọnù nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gba iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ẹ jókòó wo odindi apá kan pẹ̀lú ọmọ yín lọ́sẹ̀ yìí. Bí ohun kan bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín jù? Ta ni wọ́n ṣe ní ibi? Bí ó bá jẹ́ àbúrò rẹ ńkọ́? Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀ tán kí ẹ tó fèsì. Bí ó bá jẹ́ eré àgbà, ẹ pa á, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, nítorí èyí tí a pa láìsọ ìdí, ilé aládùúgbò ni yóò ti lọ wò ó. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 6, ẹ má fi ohun ẹlẹ́rù hàn wọ́n rárá. Òru ni wọn yóò fi sunkún. Bí ọmọ bá sì bi yín léèrè nípa ikú, ẹ má ní "lọ sùn." Ẹ dá a lóhùn ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Kí Olúwa fún wa ní sùúrù láti jókòó ti àwọn ọmọ wa. Àmín.