Òfin Ní Kí Wọ́n Sọ, Wọ́n Dákẹ́

Dókítà Amy Reed ti kú. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ọdún mẹ́ta àti oṣù méje lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n torí ìjú ṣe fún un ní Boston, jẹjẹrẹ tí ẹ̀rọ morcellator gé wẹ́wẹ́ sínú ikùn rẹ̀ pa á lẹ́ni ọdún 44. Ọmọ mẹ́fà ló fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gé ìjú tàbí ilé ọmọ wẹ́wẹ́ nínú ikùn, kí ó lè gba ojú kékeré jáde, ni morcellator; bí jẹjẹrẹ bá fara pa mọ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ náà a fọ́n ọn ká. Ohun tí Reed àti ọkọ rẹ̀ figbe ta lé lórí nìyẹn.

Ohun tó ń bí wa nínú jù lọ ni bí àwọn ilé-ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ṣe panu mọ́. Láti ọdún 1991 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ yìí fún iṣẹ́ abẹ obìnrin. Òfin kan sì wà níbẹ̀ láti ọdún 1990: bí irinṣẹ́ ìṣègùn bá lọ́wọ́ nínú ikú aláìsàn, ilé-ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi tó FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀, àti ilé-iṣẹ́ tó ṣe irinṣẹ́ náà létí, bó bá ṣe é léṣe gidi, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹ wá wo ohun tí GAO, tó ń bá àwọn aṣòfin wọn ṣe ìwádìí, gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2017. Títí di oṣù Kejìlá ọdún 2013, kò sí ẹnikẹ́ni tó kọ̀wé sí FDA pé ẹ̀rọ yìí ń fọ́n jẹjẹrẹ ká inú obìnrin. Odidi ọdún 22!

Ṣé kò sí obìnrin kan tó padà wá sílé-ìwòsàn tí ikùn rẹ̀ kún fún kókó ni? Nígbà tí FDA fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, ó ní nínú obìnrin 350 tí wọ́n ń torí ìjú ṣiṣẹ́ abẹ fún, ọ̀kan ní jẹjẹrẹ tó fara pa mọ́ sínú ilé ọmọ. Ọ̀kan nínú 10,000 ni àwọn dókítà kan ti ń sọ fún aláìsàn. Ibo ni wọ́n ti rí i, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ka òkú?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé wọn ò mọ̀. Ní ọdún 2006, Dókítà Robert Lamparter, tó ń yẹ ẹran ara wò ní ilé-ìwòsàn kan ní Pennsylvania, kọ̀wé sí Johnson & Johnson, tó ń ṣe irú ẹ̀rọ náà nígbà náà. Wẹ́wẹ́ ni ilé ọmọ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé jẹjẹrẹ tí ẹnì kan ò fura sí lè wà nínú rẹ̀. Ọdún méje ṣáájú iṣẹ́ abẹ Reed nìyẹn. Oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni ilé-iṣẹ́ náà tó dáwọ́ títà dúró.

Dókítà ni Reed, dókítà ni ọkọ rẹ̀. Wọ́n mọ ìwé tí wọn yóò kà, wọ́n mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kàn. Ọlọ́jà tàbí olùkọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ṣáájú wọn ńkọ́? Mélòó nínú wọn ló tilẹ̀ gbọ́ orúkọ ẹ̀rọ tó wọ ikùn wọn kí wọ́n tó kú? Ìjú sì wọ́pọ̀ lára obìnrin aláwọ̀ dúdú ju ti funfun lọ, ó sì máa ń tètè mú wọn. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston àti Atlanta wà lára àwọn tó ń dùbúlẹ̀ sórí tábìlì yẹn.

A ò sọ pé iṣẹ́ abẹ olójú kékeré burú. Ọgbẹ́ rẹ̀ kéré, aláìsàn ń tètè relé, ọ̀pọ̀ obìnrin tí àìsàn tí wọ́n ń pè ní endometriosis ń dà láàmú ló sì ti rí ìtura níbẹ̀. Òótọ́ náà ni pé líla ikùn ní ewu tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn ṣe ń tètè relé yẹn gan-an ló fi yẹ kí wọ́n máa tọpa rẹ̀. Ìfun tí irinṣẹ́ gún lè má hàn títí aláìsàn yóò fi délé. Jẹjẹrẹ tí ẹ̀rọ fọ́n ká lè gba oṣù púpọ̀. Dókítà tí kò bá bi aláìsàn léèrè mọ́ yóò máa rò pé iṣẹ́ òun yọrí.

Kí wọ́n fìyà jẹ ilé-ìwòsàn tó bá dákẹ́. Kí obìnrin mọ irinṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ lò kó tó fọwọ́ sí ìwé. Kí NAFDAC tiwa náà béèrè irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní Èkó àti Ìbàdàn.

Àwọn ilé-ìwòsàn Amẹ́ríkà tó lo morcellator láti ọdún 1991 sí 2013 ṣì jẹ wá ní gbèsè kan. Kí wọ́n ṣí ìwé wọn, kí wọ́n ka iye obìnrin tí jẹjẹrẹ pa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, kí wọ́n sì lọ sọ fún ẹbí wọn ohun tó ṣẹlẹ̀.