Kí Bọ̀gìnnì Àtijọ́ Tó Pariwo, Ẹ Jẹ́ Kí Bíréèkì Rẹ̀ Kọ́kọ́ Mú

Ẹni tí ó bá la inú Ṣómólú kọjá ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ó gba ojú ọ̀nà Bajulaiye láàrin ariwo ẹ̀rọ àwọn òǹtẹ̀wé, tí ó sì já sí ìhà Ladi-Lak ní Bàrígà, níbi tí danfó, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti àwọn alákàrà ti ń du ojú títì mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kò ní ṣàìrí bọ̀gìnnì asáré àtijọ́ kan níwájú ilé kan, ìbáà ṣe Honda Prelude, ìbáà ṣe Toyota Celica, ìbáà sì ṣe Mercedes SL tí a ń ká òrùlé rẹ̀, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí mẹkáníìkì kan tẹ orí bọ inú rẹ̀, tí àwọn ọmọdé sì pagbo yí i ká. Àwọn àgbà tí ń kọjá lọ a mi orí, wọn a ní owó òfò ni. Àwọn ọ̀dọ́ a pàtẹ́wọ́, wọn a ní ọ̀gá ọkọ̀ ni. Ní èrò tèmi, ìhà méjèèjì ni kò tíì wo ọ̀ràn náà dé ìdí, nítorí bọ̀gìnnì àtijọ́ kì í ṣe òfò bí olówó rẹ̀ bá mọ ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ náwó lé lórí, kì í sì í ṣe ọ̀gá, bí ó ti wù kí ó pariwo tó, bí bíréèkì rẹ̀ kò bá mú.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí á ti ẹ̀yìn wá. Èkó Akéte, Èkó àrómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fẹ́ràn ọkọ̀ tí ó rẹwà. Ní ayé òyìnbó amúnisìn àti fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, apá òsì títì ni ọkọ̀ ń gbà ní ilẹ̀ wa, bí wọ́n ti ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 tí gbogbo Nàìjíríà yí padà sí apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọkọ̀ kéékèèké elérò méjì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú MG, tí sítíárìn wọn wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ti di àlejò ní ojú títì tí ó ti mọ̀ wọ́n rí. Nígbà tí ó di ọdún 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Badagry, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí bàbá lè fi kó ìyá àti ọmọ lọ sí òde ni wọ́n ń tò, kì í ṣe ọkọ̀ asáré. Nítorí náà, tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn bọ̀gìnnì asáré tí ó wà láàrin wa lónìí: àwọn kan gba èbúté Apápá wọlé, àwọn mìíràn gba Kútọnu kọjá Sẹ̀mẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó fi òfin dí ọ̀nà orí ilẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017.

Ìdí nìyí tí ọkọ̀ wọ̀nyí kò fi ní ìbátan púpọ̀ ní ìlú. Camry àti Corolla ní ẹbí ní gbogbo ìsọ̀. Bí apá kan wọn bá kú ní òwúrọ̀, a ó ti rí òmíràn rà kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Ṣùgbọ́n Prelude tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1978, ọdún 2001 ni wọ́n ti dá a dúró. Celica, ọdún 2006 ni tirẹ̀ dópin. Mercedes SL alápótí gígùn tí àwọn olówó ìgbà epo rọ̀bì ń gùn, láti 1971 sí 1989 ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí ó bá ń wá ohun èlò wọn yóò rin Ládípọ̀ ní Mushin, yóò rin Ọwọ́dé Onírin, yóò yẹ inú àwọn tí a ti tú palẹ̀ wò, yóò sì kọ́ sùúrù ní tipátipá.

Àwọn kan yóò wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò gbé wọn fún àwọn tí ń ra kòndẹ́mù? Kí ẹni tí ó bá bèèrè bẹ́ẹ̀ ya ìsọ̀ òǹtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Yóò bá ẹ̀rọ Heidelberg ti ilẹ̀ Jámánì níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Kord àti GTO, tí wọ́n ti rọ kí púpọ̀ nínú àwọn ọmọṣẹ́ tí ń lò ó tó dáyé, tí ó ṣì ń tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ìpolongo ìbò láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kì í ṣe oògùn ni wọ́n fi gbé e ró. Ọmọṣẹ́ ń nu rólà rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń ta epo sí oríkèé rẹ̀ ní òwúrọ̀, ọ̀gá sì ń pààrọ̀ bẹ́ríǹnì rẹ̀ ní kété tí ó bá ti gbọ́ pé ohùn rẹ̀ yí padà. Kò sí ẹni tí ó ń kùn ún ní ọ̀dà pupa kí ó tó ta epo sí i. Ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èépá igi. Ìlú tí ó mọ irú ìtọ́jú báyìí fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò yẹ kí ó máa sọ pé ọkọ̀ ọgbọ̀n ọdún ti kú.

Nítorí ìtọ́jú tí kò tọ́ ló ń pa àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, kì í ṣe ọjọ́ orí wọn. Ẹ wo ohun kékeré kan tí ń jẹ́ tẹmositáàtì, tí kò tóbi ju ẹyin adìẹ lọ, tí ó jókòó sí ojú ọ̀nà tí omi ń gbà láàrin ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí ó sì ṣílẹ̀kùn fún un nígbà tí ooru rẹ̀ bá ti wọ ìwọ̀n 80 sí 90 ní Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí ọkọ̀ bá wá gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Ìkòròdú, ohun tí ó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé mẹkáníìkì yóò yọ ọ́ sọnù, yóò sì wí fún olówó ọkọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, òtútù ni òyìnbó ṣe nǹkan yìí fún, àwa kò ní òtútù níbí." Olówó ọkọ̀ a sì dúpẹ́ pé wọ́n bá òun dín ìnáwó kù. Bẹ́ẹ̀ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ́ńjìnnì tí a yọ tẹmositáàtì rẹ̀ kì í tètè gbóná dé ìwọ̀n tí ó yẹ ẹ́, á máa mu epo ju bí ó ti yẹ lọ, inú rẹ̀ á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀; èyí tí ó tún burú jù ni pé rédíétọ̀ tí ó dí, fáànù tí kò yí mọ́, tàbí pọ́ńpù omi tí ó ti kú, èyí tí ó fa gbígbóná náà gan-an, ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń dúró de ọjọ́ tí yóò fi ẹ̀rọ náà jóná. Ẹni tí ó sì ń bu omi kànga lásán sínú rédíétọ̀ dípò kúláǹtì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ìpẹtà sínú ọkọ̀ rẹ̀, nítorí kúláǹtì kì í ṣe fún òtútù nìkan, òun ló ń dáàbò bo irin inú ẹ́ńjìnnì.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan fífi kún agbára àti ẹwà ọkọ̀, níbẹ̀ ni àṣìṣe wa ti pọ̀ jù. Sáílẹ́ńsà ni ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bọ̀gìnnì àtijọ́ kọ́kọ́ ń gé, kí ọkọ̀ lè máa ké. Lẹ́yìn náà ni yóò gé sípíríǹnì, kí ọkọ̀ lè lọ sílẹ̀. Yóò wá fi rímù ńlá àti táyà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, bí ẹni pé kò sí bọ́ǹpù àti kòtò ní àdúgbò rẹ̀. Àwọn mìíràn a tún fa ojú ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí sísàlẹ̀ nídìí bọ́ńpà, wọ́n ní afẹ́fẹ́ tútù ni àwọn ń wá. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ tútù dára fún ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kí ni yóò mí símú ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, nígbà tí òjò bá kún gọ́tà, tí omi sì gba ojú ọ̀nà ní ìhà Ìlàjẹ Bàrígà, níbi tí ọ̀sà kò jìnnà? Omi ni. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀ nínú sílíńdà, omi kò ṣeé fún pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí pisitìnnì bá gbé omi, ọ̀pá tí ó gbé e ró yóò tẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì dákẹ́ láàrin àgbàrá. Ní ti ariwo, kí ni adùn rẹ̀ fún ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọmọ sùn, tàbí fún àwọn ọmọ CMS Grammar School, ilé ìwé tí a dá sílẹ̀ ní 1859, tí ó ṣí wá sí Bàrígà ní 1959, tí wọ́n ń gbìyànjú láti ka ìwé wọn? Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ariwo ńlá kọ́ sì ni ọkọ̀ ńlá.

Kí ni ó wá yẹ kí á kọ́kọ́ ṣe? Ohun tí aládùúgbò kò lè rí ni. Bíréèkì ni àkọ́kọ́: páàdì, dísíìkì, rọ́bà tí omi bíréèkì ń gbà kọjá, tí ooru ilẹ̀ wa máa ń mú kí ó sán, àti omi bíréèkì fúnra rẹ̀, tí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí ó bá pẹ́, tí kì í sì í lè ṣiṣẹ́ mọ́ bí ó bá gbóná. Táyà ni ó tẹ̀lé e. Ẹ má jẹ́ kí dídán tí oníṣòwò fi ọ̀dà dúdú dán an tàn yín jẹ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn: bí ẹ bá rí 3612, ọ̀sẹ̀ 36 ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é, kò sì sí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ fi ẹ̀mí yín lé irú táyà bẹ́ẹ̀ lórí. Ẹ̀kẹta ni bẹ́líìtì tí ń yí inú ẹ́ńjìnnì, nítorí nínú àwọn ọkọ̀ bíi Prelude, bí ó bá já lójijì, irin yóò fi orí sọ irin, owó tí ó lè ra ẹ́ńjìnnì mìíràn ni yóò sì lọ sí i. Lẹ́yìn tí àwọn wọ̀nyí bá pé, kí ọ̀dọ́ wá máa ronú nípa agbára.

Èmi kò sọ èyí láti fi bani nínú jẹ́. Afárá Kẹta, tí wọ́n parí ní 1990, tí ó gùn ju kìlómítà 11 lọ, wà ní ẹ̀gbẹ́ Bàrígà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ọkọ̀ bá dín kù lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ a máa yún àwọn tí ọkọ̀ wọn lè sáré. Ní ìdàkejì, ní ẹ̀gbẹ́ Ṣómólú níbí, ni ilé ìwòsàn egungun ti Ìgbóbì wà, tí ó ti ń to egungun àwọn ènìyàn láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tí ó bá ń gun bọ̀gìnnì tí kò lè dúró, àárín ibi méjèèjì yìí ni ó wà. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣeé fojú fò. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo pẹtiróòlù kò tó ₦200. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦1,000, ibòmíràn sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kò bọ́gbọ́n mu kí òṣìṣẹ́ máa fi bọ̀gìnnì asáré lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọkọ̀ ọjọ́ ìsinmi ni, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì ti ń náwó lórí ohun èlò, kí a má ṣe fi ojú kéré sí owó iṣẹ́. Mẹkáníìkì, rẹwáyà, pánẹ́ẹ̀lì-bítà àti fọ́kánáísà, àwọn ọmọ Ògún Lákáayé wọ̀nyí ni wọ́n ń sọ irin òkú di ààyè láàrin wa. Olówó ọkọ̀ tí ó bá ń yọ owó wọn kù títí, iṣẹ́ àbùkù ni yóò rà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi mí bóyá ó tọ́ kí ènìyàn máa tọ́jú ọkọ̀ afẹ́ ní àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé ọkọ̀ tí a ń tọ́jú dáradára ń fi oúnjẹ sí ẹnu oníṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ ní àdúgbò náà gan-an, ó sì ń kọ́ ọmọṣẹ́ ní ohun tí Corolla kò lè kọ́ ọ. Èyí tí a ń fi ariwo bàjẹ́ ni kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ìdí àrùn kí ẹ tó yọ ẹ̀yà ara. Ẹ̀yin aláṣẹ ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ rán àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ sí ìsọ̀ wọn, kí àwọn méjèèjì kọ́ ara wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní bọ̀gìnnì àtijọ́, ẹ ní ohun rere lọ́wọ́, ẹ náání rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè ra páàdì bíréèkì tuntun ní oṣù yìí, kí ó fi bọ̀gìnnì rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé, kí ó wọ danfó.