TA LÓ NI ÀWÒRÁN ILÉ TÓ WÀ LÓJÚ TÍTÌ?

 

Ọ̀rọ̀ kan jáde ní ìpàdé tó kọjá, ariwo rẹ̀ ò sì tíì rọlẹ̀. Àwọn kan nínú wa dábàá pé kí ẹgbẹ́ máa gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ya àwòrán ilé ọjà wa, pàápàá àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà tà. Wọ́n ní àwa la dá owó kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí ló dé tí ẹlòmíràn á fi máa fi àwòrán rẹ̀ jẹun? Ìyálọ́jà ti ní ká dìbò lé e lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí ò fara mọ́ ọn rárá.

Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tójú ọmọ wa rí? Ọmọ ìyá aláta kan nínú ẹgbẹ́ yìí, iṣẹ́ fọ́tò ló kọ́. Ó dúró ní òdìkejì títì, ó ya plásà kan, ó fi ṣe kàlẹ́ńdà, ó ń tà á. Ni máníjà plásà bá ránṣẹ́ mú un, wọ́n ní ó ta ilé àwọn láì gbàṣẹ. ₦20,000 ni wọ́n gbà kí wọ́n tó dá kámẹ́rà rẹ̀ padà. Wọ́n tilẹ̀ já rìsíìtì fún un, wọ́n kọ "owó àwòrán" sí i! Ìyá rẹ̀ sunkún nísọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo wa la bá a bínú. Ohun kan náà la wá fẹ́ máa ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn yìí, àbí kí ni?

A lọ bá lọ́yà, ó sì là á yé wa. Nínú òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1988, ẹni tó ya pílánù ilé ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀: o ò gbọdọ̀ lọ kọ́ irú ilé náà gẹ́lẹ́ síbòmíràn láì gbàṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ní iṣẹ́ ọnà tó bá dúró gbọn-in síbi tí gbogbo ayé ti ń rí i, èèyàn lè ya àwòrán rẹ̀, kó sì pín in káàkiri. Òfin tuntun tó gba ipò rẹ̀, èyí tí Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí ní 2023, náà fi àyè sílẹ̀ fún àwòrán ohun tó wà níta gbangba. Onílé lè ní kí wọ́n má ya inú ilé òun, torí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ ni. Ojú títì kì í ṣe ọ̀ọ̀dẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ibi tó léwu wà o. Bárékè sójà kì í ṣe ibi eré. Òfin àṣírí ìjọba ti 1962 wà níbẹ̀ síbẹ̀: ẹni tó bá ya irú ibẹ̀ láti fi ṣe ohun tó lè pa ààbò orílẹ̀-èdè lára, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 14. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ, bí wọ́n bá ti rí sójà lẹ́nu géètì, kí wọ́n fi fóònù sápò.

Àwọn tó fẹ́ gbowó ní wọ́n ń gbà á lókè òkun. Òótọ́ ni, níbòmíràn. Ilé gogoro Eiffel tí wọ́n kọ́ parí ní Paris ní 1889, ẹni tó bá wù lè ta àwòrán rẹ̀ ọ̀sán. Iná tí wọ́n tàn sí i lára ní 1985 ló ní olówó. Ẹni tó fẹ́ ta àwòrán rẹ̀ òru gbọ́dọ̀ gbàṣẹ. Òfin Faransé nìyẹn, kì í ṣe tiwa. Nítòsí wa níbí ńkọ́? Ààrẹ Wade gbé ère kan tó ga ní mítà 49 dúró ní Dakar ní Senegal, wọ́n ṣí i ní 2010. Ó ní òun lòun ronú rẹ̀, nítorí náà ìdá 35 nínú 100 owó tó bá ń wọlé níbẹ̀ tòun ni. Ilẹ̀ ìjọba ni wọ́n yọ fi san owó iṣẹ́ náà o! Àwọn ará ìlú pariwo, wọ́n sì jàre.

Èyí tó ká wa lára jù rèé. Ní January 2016, ìjọba wó ọjà Owónifáàrí ní Òṣòdì. Lónìí, ẹni tó ní ìsọ̀ níbẹ̀ tó bá fẹ́ fi han ọmọ rẹ̀ bí ibẹ̀ ti rí, àfi àwòrán. Bí iná bá sọ lọ́jà tiwa, bí katakátá bá dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí la fẹ́ nà sí ìjọba pé ṣọ́ọ̀bù báyìí-báyìí ló wà níbẹ̀, òrùlé rẹ̀ pé, ìlẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ irin? Rìsíìtì owó ilẹ̀ ò ní ojú. Àwọn ọmọ oníkámẹ́rà tí ẹ fẹ́ lé yìí, akọ̀wé ẹgbẹ́ ni àwọn náà, wọn ò sì gba owó oṣù. (Akọ̀wé tó ń kọ èyí náà ò gbà á, ká má purọ́.)

Ojú èèyàn lọ̀tọ̀. Kí wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n tó ya ojú ẹnikẹ́ni, pàápàá ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Èyí ni ká fi ṣòfin ọjà, a ó dìbò fún un tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti gba irú "owó àwòrán" yẹn lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ mú rìsíìtì wá fún akọ̀wé kó tó di ọjọ́ ìpàdé. A fẹ́ kó wọn pọ̀, ká bá lọ́yà lọ gba owó náà padà.