A Kì Í Pín Ogún Alààyè



Bàbá àgbà kan wà ní àdúgbò wa tí iyè rẹ̀ ti ń ṣá. A máa bèèrè ìyàwó rẹ̀ tí ó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ó bá sì jáde, kì í mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àkọ́bí rẹ̀ fa àtàǹpàkò bàbá, ó kì í bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìwé ilẹ̀. Kí àwọn àbúrò tó gbọ́, ilẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní: «Ta ni ń bọ́ ọ? Ta ni ń wẹ̀ ẹ́?»

Òótọ́ ni ó sọ. Àwọn tí ń pariwo kò fi fránkì kan ránṣẹ́ rí. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n òwe náà kò ní kí ọmọ ta ihò mọ́ òkété lórí.

Ọ̀nà títọ́ wà. Òfin ẹbí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, òfin 2002-07 ti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, mọ ohun tí èdè Faransé ń pè ní *tutelle*. Ẹbí yóò mú aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà; ìwé dókítà ni wọn yóò mú tọ ilé-ẹjọ́ lọ. Adájọ́ ni yóò pinnu bóyá ó yẹ kí alágbàtọ́ máa dúró fún un. Ẹni tí ó nílò olùrànlọ́wọ́ nìkan, *curatelle* ni tirẹ̀. Alágbàtọ́ kì í ṣe àrólé. Owó bàbá, ìtọ́jú bàbá ni ó wà fún. Alágbàtọ́ yóò sì ṣe ìṣirò rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ń ṣe làálàá ní àṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi bú u, bàbá sì ní ààbò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni ẹ lè ka ìwé tí àwọn àgbà ń tẹ̀ka sí. Ẹ kà á sókè kí yíǹkì tó dé. Ẹ pe ẹbí jọ nígbà tí ojú àgbà ṣì mọ́lẹ̀, kí ẹ bi í léèrè: «Bàbá, ta ni ẹ fẹ́ kí ó dúró fún yín?» Ìtìjú ìbéèrè yìí kò tó ti ẹjọ́ ilẹ̀ láàrin ọmọ ìyá.